Ìgbà Wo Ni Ó Dára Jù Láti Lọ Wo Odi Ọ̀yọ́-Ilé?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ Yorùbá, ìparí sáà kẹta ni wọ́n máa ń fi ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ sí. Ìdánwò ti parí, àwọn olùkọ́ ń ṣe àkọsílẹ̀ èsì, iṣẹ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Wọn a dá owó jọ, wọn a háyà bọ́ọ̀sì, wọn a sì gbéra. Oṣù Keje ni sáà kẹta máa ń parí. Bí ó bá jẹ́ Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, àṣà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ burú, nítorí àpáta kì í sá pamọ́ sábẹ́ koríko. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ odi Ọ̀yọ́-Ilé ni wọ́n fẹ́ lọ wò, kò sí oṣù tí kò yẹ tó oṣù Keje. Akẹ́kọ̀ọ́ lè dúró lórí odi náà gan-an kí ó má mọ̀. Koríko tó ga ju orí ènìyàn lọ ni yóò rí, yóò tẹ ẹrẹ̀, ẹ̀fọn yóò jẹ ẹ́, yóò sì padà sílé wí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “kò sí nǹkan kan níbẹ̀” yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ ìtàn máa bẹ̀rù. Ọmọ tó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní gba ohun tí ìwé sọ gbọ́ mọ́. Wọ́n kọ́ ọ pé ìlú kan wà tó gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dàhómì, tí ẹṣin rẹ̀ ń dé etí òkun. Wọ́n wá mú un dé ibẹ̀, igbó ni ó rí. Bẹ́ẹ̀ ìwé kò parọ́. Àkókò ni wọ́n ṣì yàn.

Ọ̀yọ́-Ilé kì í ṣe Ọ̀yọ́ tí ààfin Aláàfin wà lónìí. Àgọ́ Ọ̀jà ni wọ́n ń pe Ọ̀yọ́ ti òní tẹ́lẹ̀, Aláàfin Àtìbà ni ó sì sọ ọ́ di olú ìlú lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ tú. Ti àkọ́kọ́ wà ní òkè réré ní ìhà àríwá, ní ọ̀dàn Òkè-Ògùn, ní ìlà-oòrùn Ṣakí, níbi tí igi ti ń dín kù tí koríko sì ń gba ilẹ̀. Ìgbẹ́tì wà nítòsí rẹ̀. Àwọn tó bá sì gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn wá máa ń gba Sẹpẹtẹrí wọ inú igbó náà. Láti nǹkan bí ọdún 1836 ni ìlú náà ti dahoro. Ní 1941 ni ìjọba sọ àyíká rẹ̀ di igbó ọba, ní 1991 ni ó sì di ara ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè, èyí tí ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Ohun tó kù níbẹ̀ kò pọ̀ fún ojú tí kò mọ ohun tó ń wá: òkìtì gígùn tí ó jẹ́ odi nígbà kan, yàrà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, àpáàdì káàkiri, ihò tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan lára àpáta, àti igi oṣè tó ṣì dúró níbi tí agboolé wà rí.

Ta ni ó wá rí ìlú náà nígbà tí ó ṣì wà láàyè? Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó jẹ́ ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, gba Àgbádárìgì wọlé ní ìparí 1825. Ọjọ́ 23 oṣù Kìíní 1826 ni ó dé Ọ̀yọ́-Ilé, tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí àwọn Haúsá ṣe ń pè é, Katunga. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ni ó kúrò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó fi gbogbo ìgbà náà lò níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé odi amọ̀ yí ìlú náà ká, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20, yàrà tí kò ní omi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bodè 10 ni wọ́n ń gbà wọlé, àyíká odi náà sì tó máìlì 15. Òkè olókùúta tó wà láàárín ìlú dà bí ilé ìṣọ́ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kọ́. Yàtọ̀ sí odi, igbó dídí kan tún yí ìlú náà ká bí ìgbànú, kí ẹlẹ́ṣin ọ̀tá má baà lè sáré dé ìdí odi. Èyí tọ́ sí àkíyèsí, nítorí nínú ọ̀dàn ni ìlú náà wà. Igbó kì í ṣàdédé hù báyìí ní irú ibẹ̀ bí ènìyàn kò bá dáàbò bò ó lọ́wọ́ àdá àti iná.

Àwọn tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun mìíràn tí Clapperton rí. Ní oṣù Kejì 1826, nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ̀ Aláàfin, ó wo eré àwọn eégún ní gbangba ìwájú ààfin: àwọn tó wọ àpò tí wọ́n ń fò, ẹnìkan tó di òjòlá, àti ẹnìkan tó fi ara ṣe òyìnbó, tí ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, tí gbogbo èrò sì ń fi Clapperton rẹ́rìn-ín. Àkọsílẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí jù lọ tí wọ́n bá ń sọ ìtàn eré Alárìnjó. Bí ó bá jẹ́ oṣù Keje ni ọkùnrin náà dé, ó ṣeé ṣe kí ó má rí irú eré bẹ́ẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìlú máa ń kún fún àlejò. Iṣẹ́ oko ti dínkù, ọ̀nà ti gbẹ, odò ti fà, àwọn ọba àti baálẹ̀ abẹ́ Ọ̀yọ́ sì ń bọ̀ láti ilẹ̀ jíjìn láti wá wárí fún Aláàfin. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ni ọdún Bẹẹrẹ, tí wọ́n máa ń ru koríko bẹẹrẹ wá fún bíbo òrùlé ààfin. Ẹrù koríko kò jọ nǹkan bàbàrà lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbé e wá ti sọ pé òun kò sin Aláàfin mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń béèrè ìgbà tó dára jù láti lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ará ayé àtijọ́ ti dá a lóhùn tipẹ́. Ìgbà bẹẹrẹ ni.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan náà ni ogun. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́, ẹṣin kò sì lè ja ogun nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ dojú kọ Dàhómì láti 1726, tí wọ́n tún padà lọ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn títí di 1730, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń lọ. Agajà ọba Dàhómì mọ èyí. Yóò kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sá wọ igbó, yóò máa retí òjò, nítorí ó mọ̀ pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ padà sí àríwá. Ohun tó jẹ́ àǹfààní Ọ̀yọ́ nígbà náà ni ó padà wá di ewu fún un. Nígbà tí agbára dínkù nílé, tí Àfọ̀njá Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò yapa ní Ìlọrin, tí àwọn Fúlàní sì gba ìlú náà lẹ́yìn rẹ̀, ẹlẹ́ṣin àwọn ẹlòmíràn ni ó wá ń lo ẹ̀ẹ̀rùn. Koríko gbígbẹ, òrùlé gbígbẹ, ọ̀nà gbígbẹ: bí ìlú ṣe ṣí sílẹ̀ fún àlejò ni ó ṣe ṣí sílẹ̀ fún ọ̀tá. Ìdí rèé tí odi fi gbọ́dọ̀ wà ní pípé kí òjò tó dá.

Odi amọ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń mọ lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì dúró títí. Erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti inú yàrà ni wọ́n ń pò, tí wọ́n ń tò ní ìpele lórí ìpele, tí wọ́n ń jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Òjò ọdún kọ̀ọ̀kan ń jẹ lára rẹ̀. Bí wọ́n bá tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní sí ewu. Bí ẹ̀ẹ̀rùn kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, omi yóò rí ibi gbà. Bí méjì mẹ́ta bá kọjá, ó di òkìtì. Títún odi ṣe tó máìlì 15 kò ṣẹ̀yìn kí ọba lè pe ìlú kí ìlú sì jẹ́.

Èyí ni ìwúlò ìbẹ̀wò kejì. Richard Lander, tó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ Clapperton ní 1826, padà wá sí Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Karùn-ún 1830 pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀. Májòtú ṣì ni Aláàfin. Ohun tí àwọn méjèèjì kọ sílẹ̀ nípa odi náà burú: wọ́n ní ó ti wó di erùpẹ̀ àti àlàpà, àti pé ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kò bìkítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fúlàní ti wọ àárín ilẹ̀ náà. Olùkọ́ tó bá fi àkọsílẹ̀ méjèèjì siwájú akẹ́kọ̀ọ́ ti fún wọn ní iṣẹ́ tó dára. Ọdún mẹ́rin péré ni ó wà láàárín wọn. Ṣé odi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 20 lè di erùpẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin? Ó ṣeé ṣe kí Clapperton wọn ibi tó dúró dáadáa, kí àwọn Lander sì tẹnu mọ́ ibi tó wó. Ó sì yẹ kí a rántí pé ẹ̀ẹ̀rùn ni ti àkọ́kọ́ dé, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ti ìkejì, nígbà tí amọ̀ ti rọ̀ tí gbogbo àbùkù odi sì ń hàn. Síbẹ̀, àsọdùn kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́fà sí méje lẹ́yìn náà, Aláàfin Olúewu kú sójú ogun Ẹléduwẹ̀, àwọn tó kù sì di ẹrù wọn lọ sí gúúsù. Kí ọ̀tá tó borí ìlú náà ni òjò ti borí odi rẹ̀.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ọ̀yọ́-Ilé dahoro. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Tápà lé Aláàfin jáde níbẹ̀, ó sì sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Lẹ́yìn ìrìn kiri, Ẹ̀gúnojú tẹ Ìgbòho dó, ní nǹkan bí 60 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n sì mọ odi yí i ká. Ibẹ̀ ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ náà ti jọba, ẹni tí ìtàn kan sọ pé obìnrin ni, àti Ajíbóyèdé lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó kan Abípa, ó pinnu láti padà sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè tí wọ́n bí sí Ìgbòho kò fẹ́. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, ròyìn bí wọ́n ṣe rán abuké, àfín, aràrá àti àwọn mìíràn lọ sórí òkè Àjàkà ní Ọ̀yọ́-Ilé, kí wọ́n máa tan iná lóru, kí wọ́n sì máa kígbe pé kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn tí ọba rán lọ wo ilẹ̀ náà sá padà wá ròyìn pé iwin ti gba ìlú. Ọba gbọ́ àṣírí náà. Ó rán ọdẹ mẹ́fà tó gbóyà lọ, wọ́n sì mú àwọn iwin náà lọ́kọ̀ọ̀kan wá sílé. Ibẹ̀ ni Abípa ti gba orúkọ Ọba M'ọ́rọ̀, ẹni tó mú ọ̀rọ̀ inú igbó, Ọ̀yọ́-Ilé pàápàá sì gba orúkọ Ọ̀yọ́-Ọ̀rọ̀. Ìtàn náà pa ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí bí koríko ṣe ń bo àlàpà láàárín òjò kan ṣoṣo yóò mọ ìdí tí àwọn oníṣẹ́ ọba fi tètè gba iwin gbọ́.

Ìgbòho yìí wúlò fún ètò ìrìn-àjò. Ìlú tí ènìyàn ń gbé ni, kì í ṣe inú igbó ẹranko. Igbó Ọba tí wọ́n sin àwọn Aláàfin sí wà níbẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì wà láàyè láti sọ ìtàn. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan kò bá lè yẹ oṣù Keje sílẹ̀ rárá, Ìgbòho ni kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ kí àwọn àgbà ìlú, kí wọ́n sì gba àṣẹ kí wọ́n tó wọ ibi ọ̀wọ̀ náà. Kí wọ́n fi Ọ̀yọ́-Ilé sílẹ̀ di ẹ̀ẹ̀rùn.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, ìgbà kò dọ́gba. Ní Òkè-Ògùn, òjò máa ń dá ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá, ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá koríko ṣì dúró gbagidi, ó kàn gbẹ ni. Lẹ́yìn tí iná bá ti kọjá lórí ilẹ̀ ni ènìyàn tó lè rí nǹkan. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ẹranko máa ń dáná sun apá ibì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kí iná àwọn ọdẹ má baà jó gbogbo rẹ̀ nígbà tí ó bá gbẹ jù. Oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ni ọyẹ́ máa ń mú jù. Òwúrọ̀ tutù, ara kò sì ń rẹni kíákíá, ṣùgbọ́n eruku máa ń bo ojú ọ̀run débi pé ẹni tó bá gun òkè kò ní rí bí odi náà ṣe ká ìlú. Oṣù Kejì ni ó dára jù. Eruku ti ń rọlẹ̀, koríko ti jó, òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀, odò kéékèèké ti gbẹ tí ọkọ̀ fi lè kọjá. Omi tó kù nínú ihò odò Ògùn ni àwọn ẹranko ń kóra jọ sí, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí ẹfọ̀n tàbí àgbọ̀nrín láfikún. Oòrùn ni ìṣòro. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá kò sí ẹni tí yóò fẹ́ rìn mọ́, omi mímu ni a gbọ́dọ̀ rù ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí oṣù Kẹta bá dé ìdajì, ìjì àkọ́rọ̀ òjò lè dé nígbàkígbà.

Oṣù Kejì bọ́ sí àárín sáà kejì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń gba ìsinmi ọlọ́jọ́ díẹ̀. Àyè tó wà nìyẹn. Àwọn SS3 ń múra ìdánwò WAEC lọ́wọ́, nítorí náà àwọn SS2 ni ó yẹ kí wọ́n kó lọ. Ìrìn-àjò náà kò ṣeé ṣe ní ọjọ́ kan láti Ìbàdàn tàbí Èkó láìṣe pé wọ́n fi gbogbo ọjọ́ jókòó sínú ọkọ̀. Kí wọ́n sun Ìṣẹ́yìn, Ṣakí tàbí Ìgbẹ́tì. Ọ̀yọ́ ni olú iṣẹ́ ọgbà ẹranko náà wà. Ibẹ̀ ni kí olùkọ́ ti béèrè kí ó tó dá owó jọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ní ọdún àìpẹ́ yìí ìròyìn ti ń jáde nípa àwọn ọ̀daràn tó ń fi igbó náà ṣe ibùba. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá sọ pé ọ̀nà kò dára ní ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí wọ́n bá sì ní kó sí ewu, kí wọ́n tẹ̀lé ẹ̀ṣọ́ lọ, kí ẹnikẹ́ni má dá rìn.

Kí olùkọ́ tó mú wọn lọ, ó dára kí ó fi ìṣirò kan hàn wọ́n. Láti ìgbà tí Frank Willett ti walẹ̀ níbẹ̀ ní 1956 sí 1957, títí dé ìgbà tí Soper àti Darling wọn àwọn odi náà tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1980, àti ìgbà tí Babátúndé Agbájé-Williams ti Yunifásítì Ìbàdàn tún fi ẹsẹ̀ rin ibẹ̀, ohun tó hàn ni pé odi Ọ̀yọ́-Ilé ju ẹyọ kan lọ. Odi ààfin wà, odi ńlá ìlú wà, àwọn mìíràn sì tún wà ní ìhà àríwá. Kò sí ẹni tó lè rí gbogbo rẹ̀ ní òwúrọ̀ kan. Ibì kan ṣoṣo tí wọ́n bá fi sùúrù wò tó, kí wọ́n wọ inú yàrà, kí wọ́n gun òkìtì jáde ní ìhà kejì, kí ọmọ kan dúró nísàlẹ̀ kí òmíràn dúró lókè, kí wọ́n fi okùn wọn ìyàtọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fi wé ẹsẹ̀ bàtà 20 ti Clapperton. Àpáàdì tí wọ́n bá rí, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n yàwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì fi sílẹ̀ níbi tí ó wà.

Aago méje òwúrọ̀ ni kí wọ́n ti wà níbẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá ṣì wà nílẹ̀, òjìji òkìtì náà máa ń ṣú sínú yàrà, gbogbo ìlà odi náà á sì yọ lórí ilẹ̀ tó jó, láti ẹsẹ̀ àpáta lọ títí tí ojú kò fi ní rí i mọ́. Bí ó bá fi di ọ̀sán gangan, tí oòrùn ti bọ́ sí àárín orí, òjìji náà á ti lọ, ilẹ̀ á sì tún dà bí ilẹ̀ lásán.